Iyùn Ike, Òkúta Amọ̀: Ta Ló Ń Purọ́, Ìlẹ̀kẹ̀ Ni àbí Ẹni Tó Tà Á?

Bí iyùn bá lè sọ̀rọ̀ ni, ariwo ì bá pọ̀ ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ìyàwó á jókòó, á to iyùn sọ́rùn bí ọmọ ọba, á tò ó sọ́wọ́, á tún fi ṣe adé sórí; ọkọ náà á gbé tirẹ̀ kọ́ àyà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ wọn dáadáa yóò rí i pé púpọ̀ nínú ohun pupa tí ń dán yìí kò dé inú òkun rí. Ike ni. Àwọn mìíràn jẹ́ gíláàsì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wá láti inú òkun lóòótọ́, àmọ́ iyùn funfun tí kò gbówó lórí ni wọ́n, aró pupa ni wọ́n fi rẹ wọ́n.

Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò yẹ kí ìgbéyàwó ọjọ́ kan sọ ènìyàn di onígbèsè ọdún mẹ́ta, ẹni tí kò bá sì lówó iyùn lè fi ohun tó jọ iyùn ṣe ẹ̀yẹ tirẹ̀. Inú ọjà ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́.

“Ìyá, ẹ dákun, ṣé ojúlówó nìyí?”

“Háà, ìyàwó mi! Ṣé ojú mi jọ ojú ẹni tí ń ta ayédèrú ni? Iyùn Ítálì gidi ni. Gbé e wò.”

Ìyàwó gbé e wò, kò mọ ohun tí òun ń wò, ó sì kówó sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí owó ilé ìwòsàn bá dé, tí ó gbé iyùn náà lọ síbi tí wọn yóò ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ pé ike ni òun ti ń fi aṣọ wé pamọ́ sínú àpótí láti ọjọ́ yìí wá.

Àwọn kan á sọ pé ayé òde òní ló bàjẹ́, pé àwọn àgbà kò mọ àfarawé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, àwọn baba ńlá wa ń yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò amọ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀gi. Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé ibẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò wọ̀nyẹn. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀rúndún tí a wà yìí, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 ló jáde, àyẹ̀wò sì fi hàn pé èròjà gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti àwọn Lárúbáwá. Ọgbọ́n ilé ni. Òun ni àwọn ẹlòmíràn wá ń sín jẹ: nígbà tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù rí bí àwọn ará etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí ṣe ń fi wúrà gba ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní akori, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà mọ́ ẹbí ṣẹ̀gi, àwọn náà gbìyànjú láti ṣe èyí tó jọ ọ́.

Ti Ìlọrin tún dùn ún gbọ́, ó sì dunni. Òkúta pupa tí wọ́n ń pè ní lántànà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ń gbẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n á là á, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán, iṣẹ́ àṣelàágùn gbáà. Ní àkókò kan náà, ní ìlú Idar-Oberstein ní Jámánì, ọlọ tí omi ń yí ni wọ́n fi ń lọ òkúta agate tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Brazil. Wọ́n fi èròjà irin àti iná sọ ọ́ di pupa, wọ́n sì kó o wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i: òkúta gidi ni ti Jámánì náà, àwọ̀ nìkan ni wọ́n yá a. Kí ọ̀rúndún ogún tó dé ìdajì, iṣẹ́ lántànà ti rọ̀ dòò ní Ìlọrin, ọjà òkèèrè sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn Masaga ní Bídà àti àwọn Krobo ní Gánà ní tiwọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn: àfọ́kù ìgò òyìnbó náà ni wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òkúta ni.

Jámánì yìí kan náà ni amọ̀ tuntun ti jáde, amọ̀ tí kì í ṣe amọ̀. Òyìnbó ń pè é ní polymer clay. Ike ni, irú PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, tí wọ́n po èròjà tí ń mú ike rọ̀ mọ́, kí ọwọ́ lè máa mọ ọ́n bí ẹni mọ ẹ̀bà. Ilé Käthe Kruse, obìnrin tí ń ṣe ọmọlangidi, ni ọ̀kan nínú wọn ti gbajúmọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Fifi, ló rí ohun tí wọ́n lè fi í ṣe. Ní 1964, ilé iṣẹ́ Eberhard Faber gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Fifi náà ló sì wà nínú Fimo tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ títí dòní.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n ọwọ́ lè fi amọ̀ yìí ṣe kọjá kèrémí. Òkúta tí wọ́n ń pè ní turquoise, aláwọ̀ ojú ọ̀run, kò ṣòro. A ó gé amọ̀ aláwọ̀ búlúù tó fi díẹ̀ jọ ewé sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n gún ní àgúnù, a ó da ọ̀dà dúdú díẹ̀ sí i, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó wá tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí á tó yí i róbótó. Ọ̀dà náà á sá sáàárín àwọn wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, á sì di iṣan dúdú tí a máa ń rí lára òkúta gidi. Ti jade, amọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá ni ó fẹ́, pẹ̀lú èérún amọ̀ ewé bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kùnà nìyẹn: wọ́n á po ewé jù, òkúta á di rọ́bà. Ti iyùn, pupa, ọsàn àti funfun ín-ń-tín la ó lọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ pò ó tán. Òkun kì í kun ohun rẹ̀ dọ́gba.

Abẹ́rẹ́ la fi ń lu ihò rẹ̀ kó tó wọ iná. Iná náà kò gbọdọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ, èyí tó sábà máa ń wà láàrin 110 sí 130 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí iná bá kù, ìlẹ̀kẹ̀ á máa fọ́ bí bisikíìtì. Bí iná bá pọ̀, ẹ̀rù ń bẹ: PVC tó bá jóná ń tú èéfín olóró tí ń ta ọ̀fun àti ojú. Ẹ pa iná, ẹ ṣí fèrèsé, kí tọmọdé tàgbà jáde nílé. Nítorí náà, ààrò èédú kò dára fún iṣẹ́ yìí rárá, nítorí kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún èédú. Ọ̀bẹ àti àwo tí a bá fi ṣe é kò tún gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.

Lẹ́yìn iná ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Nínú omi ni a ti ń fi sáńpépà ha á, láti orí 400 dé 600, dé 800, dé 1000, kí a tó wá fi aṣọ jíǹsì nù ún títí yóò fi máa kọ mànà. Àwọn tí kò ní sùúrù á kùn ún ní fáníìṣì, wọ́n á ní ó ti parí. Ojú tó mọ òkúta yóò mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí, kí ló wá ń tì í lójú? Kí ló dé tí kò lè sọ pé, “Amọ̀ ni, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, iye tí mò ń tà á nìyí”? Èyí tó bá pè é ní iyùn, kì í ṣe oníbàárà nìkan ló rẹ́ jẹ. Ó rẹ́ oníyùn gidi jẹ pẹ̀lú, nítorí oníbàárà tó bá ti jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀kan kò ní gbà mọ́ pé ojúlówó ṣì wà, á sì máa na iyùn gidi ní owó ike.

Kí oníbàárà náà la ojú rẹ̀. Iyùn, òkúta àti gíláàsì máa ń tutù lọ́wọ́, wọ́n sì wúwo. Ike fúyẹ́, kíá ló sì ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́bàá ihò á hó yéè lára iyùn, kò ní hó lára ike tàbí gíláàsì, àmọ́ ó ń ba dídán jẹ́, nítorí náà ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Iyùn tí wọ́n rẹ láró náà á hó. Òwú tí a fi acetone tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná rin ló lè tú àṣírí rẹ̀: bí aró bá wà, òwú lè di pupa. Ẹ má ṣe fi acetone yìí kan ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ o, ṣe ni ara rẹ̀ á yọ̀. Ẹ má sì kó o sínú ike líle tí ń dán gbinrin fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ìlẹ̀kẹ̀ àti ike má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Àpò aṣọ tàbí ìgò gíláàsì ló yẹ ẹ́.