Ọ̀dá Ọrọ̀-Ajé Lọ, Àìríṣẹ́ṣe Kò Bá A Lọ

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìròyìn kan gba ilẹ̀ Nàìjíríà kan pé ọrọ̀-ajé wa tí ó dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2016 ti tún gbérí. Rédíò ròyìn rẹ̀, ìwé ìròyìn gbé e, àwọn aláṣẹ sì ń kí ara wọn kú oríire. A kò bá wọn jiyàn pé ọrọ̀-ajé dìde. Ohun tí a ń bi wọ́n ni pé: ta ni ó bá a dìde?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò tí àjọ ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde. Ní ìparí ọdún 2016, nígbà tí ọ̀dá náà ń jà ràn-ìn, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó yẹ kí ó máa ṣiṣẹ́, bí 14 ni kò níṣẹ́. Nígbà tí a ń jó ijó ayọ̀ ní ọdún 2017, iye náà ti di bí 19. Ní ọdún kan lẹ́yìn èyí, ó ti kọjá 23. Àrùn Kòrónà tún da ọrọ̀-ajé wó ní ọdún 2020. Ó dìde ní ìparí ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ní àkókò ìdìde yìí gan-an ni àwọn aláìníṣẹ́ dé 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìwòsàn wo wá nìyí, tí ara aláìsàn ń burú sí i bí oníṣègùn ti ń gba owó ọpẹ́?

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ní ọ̀dá tán, ohun tí wọ́n ń wí kò ju pé iye ohun tí orílẹ̀-èdè ń ṣe jáde kò dín kù mọ́. Wọn kò sọ ẹni tí ó ṣe é, wọn kò sì sọ ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀. Epo rọ̀bì ni ó kọ́kọ́ gbé wa dìde ní ọdún 2017, kànga epo kì í sì í gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹni tí ó sì lé òṣìṣẹ́ nígbà ọ̀dá kò sáré pè wọ́n padà: ó ti fi iṣẹ́ ẹni mẹ́wàá lé ẹni mẹ́rin lọ́rùn, ó ń wò bóyá ọjà yóò tà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìdàgbàsókè ọdún 2017 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àwa ènìyàn ń fi ju ìdá méjì lọ pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí iyán inú odó bá fi òkèlè kan pọ̀ sí i, tí àlejò mẹ́ta sì wọlé, ta ni yóò yó?

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ bébà ní Jẹ́bà àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Bacita, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ṣe ọ̀dá ọdún 2016 ni ó pa wọ́n. Wọ́n ti dákẹ́ kí ó tó dé. Nítorí náà ni òpin ọ̀dá kò fi lè jí wọn.

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀lẹ ni àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, tí ó ń gun ọ̀kadà láti ìdájí títí di òru, ọ̀lẹ ha ni bí? Àwọn mìíràn yóò nawọ́ sí ìṣirò ọdún 2023, tí ó ní àwọn aláìníṣẹ́ ti bọ́ sí bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kíkà ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀ ni a ń kà mọ́ aláìníṣẹ́. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Òtítọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ìjọba ti ń fún aláìníṣẹ́ lówó, ó lè jókòó wá iṣẹ́ tí ó yẹ ẹ́. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá jókòó, ebi ni yóò pa á. Dandan ni kí ó ta omi tútù ní wákàtí kan. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ jù. Ìjọba dá ètò N-Power sílẹ̀ ní ọdún 2016, ó sì gba 500,000 ọ̀dọ́ ní ìpele méjì, ní ₦30,000 lóṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a rán lọ sí kíláàsì. Nígbà tí ó di ọdún 2020, láàrin àjàkálẹ̀ àrùn, a ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ kò kúrò o. Olùkọ́ ni ó kúrò. Bí kíláàsì bá nílò olùkọ́, èé ṣe tí a fi gbà á bí alágbàṣe? Bí kò bá sì nílò rẹ̀, kí ni a rán an lọ ṣe níbẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ dẹ́kun fífi ìṣirò dí wa lójú. Ẹ gba olùkọ́ sí àwọn ilé-ìwé tí kò ní, kí ẹ sì gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pèsè iná ọba tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ tún máa ró. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá kéde pé ọrọ̀-ajé dàgbà, ẹ kéde iye iṣẹ́ tí ó bí pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, bí olóṣèlú bá tún dé láti tọrọ ìbò, tí ó ní nǹkan ti ń dára, ẹ bi í léèrè: ènìyàn mélòó ni ó ríṣẹ́?