Bí Ẹ̀rọ Ìgékoríko Bá Ń Mí Hẹlẹhẹlẹ

Yìnyín ti lọ, koríko ti hù, àwọn ọmọ wa kan sì ti ń gé koríko kiri àdúgbò láti rí owó àpò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ti sùn láti ìgbà òtútù sábà máa ń jí láìlágbára: yóò dún dáadáa, bó bá kan koríko, yóò kú. Ẹ má fipá mú un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò létòlétò bí a ti ń yẹ aláìsàn wò. Ẹ kọ́kọ́ pa á, kó tutù, kí ẹ sì yọ wáyà kúrò lórí plọ́ọ̀gì. Abẹ rẹ̀ lè yí lójijì, kó gé ìka ọmọ.

Èkíní, èémí. Bí eruku bá ti dí fílítà afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èkejì, oúnjẹ. Epo petiróòlù tó bá ti lé ní oṣù kan nínú táǹkì ti ń gbó, èérí rẹ̀ sì ń dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kabúrétọ̀. Ẹ fà á jáde, ẹ rọ tuntun. E10 ṣeé lò; ẹ má ra E15 fún un. Bó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì ń kú, ẹ wo ihò atẹ́gùn tó wà lára ìdérí táǹkì, bóyá ó ti dí.

Ẹ̀kẹta, iná. Plọ́ọ̀gì tí ẹ̀fin ti sọ di dúdú, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹrù. Koríko tútù tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ, tàbí abẹ tó ti kú, máa ń mú un ṣe làálàá. Bí ẹ bá fẹ́ dà á dùbúlẹ̀, kí fílítà kọjú sókè.

Ẹ dá wáyà padà, kí ẹ tó dán an wò. Ìta gbangba ni o! Kì í ṣe inú gáréèjì, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí. Gáàsì carbon monoxide tó ń tú jáde kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí òyì ń kọ́ ọ tàbí tí èébì ń gbé e, ẹ gbé e bọ́ sí afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ pe 911.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró tì wọ́n nígbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bi àgbà kí ẹ tó tú nǹkan. Olúwa yóò pa ìka àti ẹ̀mí wa mọ́.