Pépéyẹ gbé dáyámọ́ǹdì lọ, àwa ń pàtẹ́wọ́

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ẹlòmíràn á ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, torí pé ọ̀rọ̀ eré orí ẹ̀rọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ó rántí Picsou, pépéyẹ arúgbó tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú owó. Carl Barks, ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ nínú ìwé alápèjúwe ní 1947. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Disney sọ ìtàn rẹ̀ di ohun tí àwa níbí ń pè ní dessin animé. DuckTales ni wọ́n pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. La Bande à Picsou ni àwa fi mọ̀ ọ́n. Ní 1989, ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan sọ ọ́ di eré orí ẹ̀rọ Nintendo. Nínú eré náà, Picsou á máa fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ta pọ́ún-pọ́ún lórí àwọn ọ̀tá bíi bọ́ọ̀lù, á máa fò láti orí òkúta kan bọ́ sí òmíràn, á máa kó ìṣúra.

Ní àdúgbò wa nígbà náà, ẹnì kan gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá iwájú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá mú fránkì 25 wá á gbá eré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwa tí kò ní á dúró lẹ́yìn, a ó máa wò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé orí òṣùpá nínú eré yẹn, tí orin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbàgbé pé ìyá mi rán mi lọ ra ata. Ẹgba tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà kò mú mi gbàgbé orin ọ̀hún títí dòní.

Ní oṣù kẹjọ 2013, Capcom àti ilé-iṣẹ́ WayForward ti Amẹ́ríkà gbé àtúnṣe eré náà jáde. DuckTales: Remastered ni wọ́n pè é. Àbúrò mi kan ní Kútọnù fi í sórí kọ̀ǹpútà ilé wa fún ọmọ mi ní ìsinmi tó kọjá, èmi náà sì jókòó tì í. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti ba eré àtijọ́ jẹ́, pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, pé kí èèyàn tó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á ti dá a dúró kí pépéyẹ lè ṣàlàyé. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ pé ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ ní àtúnṣe. Àlọ́ Ìjàpá tí ìyá àgbà mi pa fún mi kì í ṣe bí ìyá tirẹ̀ ṣe pa á fún un gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo: iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Wọ́n fi ọwọ́ ya gbogbo àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ní ọ̀tun, wọ́n fi ibi tuntun kún un, Jake Kaufman sì tún orin rẹ̀ ṣe láìpa adùn rẹ̀. Nígbà tí orin òṣùpá bẹ̀rẹ̀, omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi níwájú ọmọ mi.

Ẹjọ́ tèmi yàtọ̀. Ẹni tó bá ń tún ilé kọ́ láǹfààní láti tún ògiri tó wọ́ ṣe. Wọ́n ní àǹfààní yẹn ní 2013, wọn kò lò ó.

Ibi márùn-ún ni Picsou ti ń wá ìṣúra láti ìgbà eré àkọ́kọ́: Amazon, Transylvania, òkè Himalaya, òṣùpá, àti ibi kan tí wọ́n kàn pè ní ibi ìwakùsà Áfíríkà. Ní Amazon, ọ̀pá àṣẹ ọba Inca ló mú. Ní Himalaya, adé Genghis Khan ni. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì mọ̀ pé wọ́n ṣìnà níbẹ̀: orí òkè Andes ni ìjọba Inca fìdí múlẹ̀ sí, ilẹ̀ Mongolia sì ni Genghis Khan ti wá. Àmọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ṣìnà, wọ́n mọ̀ pé ọba ti jẹ níbẹ̀, pé ọba náà ní adé, ó sì ní ọ̀pá àṣẹ. Nígbà tó wá kan Áfíríkà ńkọ́? Wọn kò dárúkọ orílẹ̀-èdè kankan, wọn kò dárúkọ ọba kankan. Dáyámọ́ǹdì ńlá inú ilẹ̀ ni ìṣúra ibẹ̀. Ọba tí Picsou bá ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, òkúta ni, tó ń yí gbirigbiri. Òṣùpá pàápàá ní wàràkàṣì tirẹ̀!

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbá ibi ìwakùsà yẹn tán, ó gbé dáyámọ́ǹdì, ó ń yọ̀. Mo bi í pé, "Ta ló ni ín?" Ó wò mí bíi pé orí mi kò pé. Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ni ín. Áfíríkà ni."

Mi ò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo sọ ọ́ fún olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan níbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi pépéyẹ sílẹ̀ o! Ṣé pépéyẹ ló kó wa lẹ́rú ni?" Rárá, pépéyẹ kọ́. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ló yẹ ká mọ̀ jù pé inú eré ni ọmọdé ti ń kọ́ ayé. Èyí tí a bá kọ lójú pátákó, wọ́n lè gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Èyí tí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, tí ẹ̀rọ sì ń fún un ní máàkì lórí rẹ̀, ìyẹn kì í tètè lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds kó sòdí wọ Agbómẹ̀, wọ́n kó ìtẹ́ ọba, ère ọba àti ilẹ̀kùn ààfin lọ. Kí àwa ará Àjàṣẹ́ má sì ṣe bí ẹni pé ọwọ́ wa mọ́: Ọba Tòfà tiwa, ẹ̀yìn Faransé ló wà nígbà ogun yẹn. Ní oṣù kọkànlá 2021, ohun 26 nínú ẹrù náà padà wálé láti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly ní Paris. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin Ààrẹ ní Kútọnù. Mo mú ọmọ yìí kan náà lọ wò wọ́n. Ó kéré gan-an nígbà náà. Ó dúró níwájú ìtẹ́ Ọba Glele, ó bi mí pé, "Bàbá, ta ló jókòó síbí?"

Ẹ gbọ́ o. Níwájú ìtẹ́, ọmọ kékeré mọ̀ pé nǹkan ní ẹni tó ni ín. Nídìí eré, ọmọ náà ti dàgbà sí i, ó ní kò sẹ́ni tó ni ín. Ta ló kọ́ ọ?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí báyìí, wọ́n á ní kí a lé eré òyìnbó jáde nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Ọmọ mi ṣì ń gbá a, èmi náà sì ń gbá a. Nǹkan kan wà nínú àtúnṣe yìí tó dójú ti èmi fúnra mi ju ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí Picsou sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò wá ọ̀dọ́ kan tó lè sín in jẹ. Alan Young tó fọhùn fún Picsou lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1987 ni wọ́n lọ bá. Ẹni ọdún 93 ni nígbà tí eré náà jáde. June Foray tó fọhùn fún Magica, àjẹ́ inú ìtàn náà, ti pé 95. Àwọn méjèèjì ti kú báyìí, ṣùgbọ́n ohùn wọn wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà mi, tó mọ àlọ́ Ìjàpá débi pé kì í pa ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kú lẹ́yìn tí mo ti ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Fóònù náà wà lápò mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i. Mo fi ya àwòrán oúnjẹ. Mo fi ya àwòrán mọ́tò. Ohùn ìyá àgbà mi, mi ò ní ìṣẹ́jú kan péré. Òyìnbó kọ́ ló ṣe èyí sí mi.

Ẹ sì má gbára lé ohun tí kì í ṣe tiyín. Ní oṣù kẹjọ 2019, Capcom yọ eré yìí kúrò lórí àtẹ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó di oṣù kẹta 2020 kí wọ́n tó dá a padà. Ẹni tó ni nǹkan lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá wù ú. Ta ló lè palẹ̀ àlọ́ mọ́ kúrò lẹ́nu wa? Àwa nìkan ni, tí a bá dákẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín nígbà tó bá ń gbá eré, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan péré: ta ló ni ín? Ẹ̀yin tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà yín ṣì wà láyé, ẹ gbé fóònù lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba àlọ́ kan sílẹ̀, kí ẹ fi sórí ojú-ewé yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, Scratch tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọdé lè fi ṣe eré.

Ní kíláàsì mi, a ti bẹ̀rẹ̀, orí bébà ni o. Àwọn ọmọ ń ya Ìjàpá tó ń fò láti Kétu dé Àjàṣẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni mo fún wọn: ìṣúra kankan kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ láìsí orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ sì mọ̀ pé olè ni Ìjàpá. Ọmọbìnrin kan béèrè pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tó bá gbé ohun olóhun. Kí n tó dáhùn, gbogbo kíláàsì ti pariwo: ọwọ́ á tẹ̀ ẹ́! Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú àlọ́ wa. Picsou ní tirẹ̀ gbé àpò rẹ̀, ó lọ sílé, orin sì ń dún.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mò ń retí ohùn àwọn àgbà yín.