Àwọn Kòkòrò Inú Ìfun àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Bí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu gbogbo wa: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni." A ó dá ẹ̀bi náà lé ṣúgà, a ó ra àgbo fún un, ọ̀ràn sì parí. Mo mọ àgbẹ̀ alágbára kan tí ó mu irú àgbo bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni a bá lára rẹ̀, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ikú ọkùnrin náà ni ó mú mi kọ̀wé yìí.

Ẹ̀yin olùkàwé, nínú ìfun ńlá ọmọ ènìyàn ni ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò wà tí ojú lásán kò lè rí. Àwa olùkọ́ ti kọ́ àwọn ọmọ pé ọ̀tá ni kòkòrò, pé kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n sì se omi mímu. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé inú ìfun jẹ́ alájọgbé tí ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ohun tí inú wa kò lè dà, bí èèpo ẹ̀wà, èèrí àgbàdo àti okùn inú ẹ̀fọ́, ni oúnjẹ tiwọn. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe oje kíkan kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní butyrate, èyí tí ń fún ara ìfun ní agbára, tí ó sì ń dín wíwú rẹ̀ kù.

Àwọn ẹni ibi wà láàárín wọn pẹ̀lú. Oríṣi kan nínú ìdílé E. coli a máa pèsè májèlé tí ń ba àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. Ní ọdún 2020 àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands fi hàn pé àpá májèlé náà wà lára jẹjẹrẹ ìfun àwọn aláìsàn kan. Òmíràn, Fusobacterium nucleatum, ẹnu ni ibùgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni a ti ń bá a nínú jẹjẹrẹ ìfun. Àwọn amòye ṣì ń jiyàn bóyá òun ni ó dá àrùn náà sílẹ̀, tàbí ó kàn wá jókòó síbi tí ó ti bàjẹ́.

Ohun tí ó kan àwa jù ni oúnjẹ. Ní ọdún 2015, Oníṣègùn Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn ìdánwò kan jáde. Wọ́n mú ènìyàn dúdú 20 ní Amẹ́ríkà, níbi tí jẹjẹrẹ ìfun ti wọ́pọ̀, àti 20 ní ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ó ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ àgbàdo, ilá, ẹ̀fọ́ àti máńgòrò. Àwọn ará Áfíríkà ń jẹ ẹran àti ọ̀rá púpọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, oje rere tí mo sọ ti di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì ti dín sí ìdajì nínú àwọn ará Áfíríkà, tí àmì wíwú sì hàn lára ìfun wọn. Ẹ má ṣì mí gbọ́: ọ̀sẹ̀ 2 kì í dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Àmì ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n ó yá ju bí mo ti rò lọ.

Nítorí náà ni inú mi kì í fi í dùn bí mo bá rí bàbá tí ó ka ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sí oúnjẹ tálákà, tí ó sì ń fi búrẹ́dì funfun àti sọ́séèjì bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ayé lè mọ̀ pé ó lówó. Àwa tí a ń sẹ́ ògì, tí a sì ń da èèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́, nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ewúrẹ́ ni ó gba ìpín tí ó dára jù.

Síbẹ̀, ẹ̀fọ́ kì í dá ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń jáde dúró. Láti ara kókó kékeré kan nínú ìfun ni àrùn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba bí ọdún 10 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Bí oníṣègùn bá tètè rí i, yóò gé e kúrò. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ó ń rù láìnídìí, ìbáà ṣe ọ̀dọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ ọ́ láìtijú. Bí ó bá jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, oníṣègùn yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.