Áàpù Tí Kò Lè Pa Ẹnu Mọ́

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n láyé òde òní, áàpù orí fóònù gan-an ló yẹ kí wọ́n máa pa á fún.

Ẹ wo Ìjẹ̀gùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho, nípìnlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà tí owó náírà ti di ọ̀wọ́n gógó níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń pààrọ̀ owó àtijọ́ sí tuntun, aláta, oníṣu àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó lórí fóònù. Oníbàárà tẹ PIN rẹ̀, owó lọ, ọ̀rọ̀ parí. Kò mọ̀ pé áàpù tí òun fọkàn tán lè máa kọ ohun gbogbo tí òun tẹ̀ sílẹ̀ gbangba, bí akọ̀wé tí kò mọ ohun tó yẹ ní kíkọ yàtọ̀ sí ohun tó yẹ ní bíbò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Áàpù ń rán iṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ tó ni ín, tí wọ́n ń pè ní sáfà, èsì a sì padà wá. Bí iṣẹ́ náà bá ń ṣìnà, àwọn tó ń ṣe áàpù a tan àkọsílẹ̀ kan tó ń tọ́jú gbogbo lílọ-bíbọ̀ náà, kí wọ́n lè rí ibi tó ti wọ́. Lórí fóònù Android, ọ̀pọ̀ wọn ń lo irinṣẹ́ tó ń jẹ́ OkHttp. Ìpele mẹ́rin ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní. NONE kì í kọ nǹkan kan. BASIC ń kọ àdírẹ́sì tí iṣẹ́ lọ àti bóyá ó jẹ́. HEADERS ń fi àmì tí sáfà fi ń dá oníbàárà mọ̀ kún un. BODY ń kọ gbogbo ohun tí áàpù fi ránṣẹ́ pátá, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà, PIN tàbí BVN. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà fúnra wọn kìlọ̀ pé ìpele méjì tó gbẹ̀yìn lè tú àṣírí.

Àwọn kan a ní ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ ní àgádágodo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ti àgádágodo ni àkọsílẹ̀ ti ka lẹ́tà náà tán. Ta ní í ti ilẹ̀kùn gbọin-gbọin, tí yóò tún máa ké àṣírí rẹ̀ síta láti ojú fèrèsé?

Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má wá àléébù. Áàpù tí wọn kò bá yẹ̀ wò, wọn kò lè tún un ṣe. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni ti ẹni tó tan swíìsì níbi iṣẹ́, tó sì gbé áàpù lọ sọ́jà láìpa á.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti jìn sí kòtò tó jọ èyí. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2018, Twitter rọ àwọn oníbàárà rẹ̀, tó tó mílíọ̀nù 330, láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn, nítorí pé àkọsílẹ̀ abẹ́nú kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ láìbò ó. Lóṣù Kẹta ọdún 2019, Facebook jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn wà níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè kà á. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ní Ireland bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 91 yúrò lé Meta nítorí rẹ̀. Orí sáfà ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe orí fóònù, ṣùgbọ́n àìbìkítà kan náà ni.

Àwọn alátakò tún ní láti Android 4.1, tó jáde lọ́dún 2012, áàpù lásán kò lè ka àkọsílẹ̀ áàpù mìíràn mọ́. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Áàpù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù bá gbé sínú rẹ̀ kó tó dé ọjà lè ní àṣẹ tí àwọn yòókù kò ní. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí AppCensus fi hàn pé ìsọfúnni ètò ìtọpinpin àrùn Kòrónà lórí Android ń bọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ lè kà. Yàtọ̀ síyẹn, àkọsílẹ̀ lè bá ìròyìn àṣìṣe rìn dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn tí oníbàárà kò mọ̀ rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju òje lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ará Ìjẹ̀gùn pé ohun tí ojú kò rí kò léwu. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katapílà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà bẹ́ páìpù epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, iná sọ, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. PIN tó jò kò tó ẹ̀mí tó lọ, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi wọ́n wé ara wọn. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ẹni tó ri ewu mọ́lẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń jìyà rẹ̀, ẹni tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ni.

Òfin ti wà. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà lóṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó ní kí ilé iṣẹ́ má gba ju ìsọfúnni tó nílò lọ, kó sì dáàbò bò ó. Bí ìsọfúnni bá jò lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ ní láti fi tó Àjọ tó ń rí sí i létí. Ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú òfin lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú, àfi èyí tí Àjọ bá fún un. Kí Àjọ máa béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń fi áàpù gba owó: kí ni áàpù yín ń kọ sílẹ̀ lórí fóònù oníbàárà?

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó rẹpẹtẹ. Kí àkọsílẹ̀ wà ní pípa látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ tàn án fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni ni kí wọ́n máa fi dán áàpù wò. Kí wọ́n má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ọmọ ènìyàn: ẹ̀rọ tó ń to áàpù pọ̀ ni kó kọ̀ láti gbé e jáde bí swíìsì bá ṣì wà ní títàn.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí owó bá tipa àkọsílẹ̀ tí wọn kò pa pòórá, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ni kó san án padà, kì í ṣe oníbàárà tí wọ́n máa ń yára dá lẹ́bi pé ó sọ PIN rẹ̀ fún ẹlòmíràn.