Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀, Ẹ Wo Ilé Tó Ti Wà Nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni mo mú wá lónìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti ríṣẹ́, kó tó pé ọdún kan, àwọn ènìyàn á ti máa sọ fún un pé kó lọ ra ilẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ilẹ̀ rírà kọ́ ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ayálégbé fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Àgbàmú ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ní Kwara. Ní ilé wa, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, ilé ńláńlá pọ̀ tí kò sẹ́ni nínú wọn. Àwọn tó ni wọ́n wà ní Èkó, ní Ìlọrin, ní Àbújá tàbí lókè òkun. Iléyá, Kérésìmesì tàbí ìsìnkú ni wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ilé míì kò tilẹ̀ parí: páànù ti wà lórí wọn, fèrèsé ni kò sí.

Kí a má bú àwọn bàbá wa. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́lé sílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ẹni tó ti kọ́lé sí ìlú rẹ̀ ríbi forí pamọ́ sí. Ẹni tí kò kọ́ di àlejò nílé ẹbí. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n ilé ààbò yàtọ̀ sí ilé òwò. Ilé ààbò ń dúró de ọjọ́ ìṣòro. Ilé òwò gbọ́dọ̀ mówó wá lọ́dọọdún. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé a ń fi ọgbọ́n ilé ààbò kọ́ ilé òwò.

Nínú òwò ilé, ẹni tó máa gbébẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ẹ wo Ọ̀mù-Àrán. Láti 2011 ni Yunifásítì Landmark ti wà níbẹ̀, àwọn kan sì rò pé yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kí àwọn kọ́. Inú ọgbà ilé ìwé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń sùn. Òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tó tẹ̀lé ilé ìwé náà dé ìlú ló ń wá ilé, fúláàtì tó ní omi àti iná ni irú wọn sì ń fẹ́. Ní Táńkẹ̀ ní Ìlọrin, nítòsí Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba yàrá níbẹ̀. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tètè kún, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tó yáwó kọ́ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sọ fún ẹni tó yá a lówó pé ASUU kò tíì wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Inú ọjà tí ayálégbé bá tà ni owó ilé ti ń jáde, nítorí náà ẹ ka iye ènìyàn tó ń gba ojú ọ̀nà náà kọjá ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ilé àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ náà wà. Musíọ̀mù Èsìẹ́, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti ṣí sílẹ̀ láti 1945, àwọn ère òkúta rẹ̀ sì lókìkí. Síbẹ̀, ẹni tó wá wo ère yàtọ̀ sí ẹni tó máa sùn mọ́jú. Ẹ ka àwọn tó ń sùn kí ẹ tó ra bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lè gba ọ̀nà ọjà ìpín ìdókòwò. UPDC REIT, fún àpẹẹrẹ, ti wà níbẹ̀ láti 2013: ilé ni owó náà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń pín nínú owó ilé fún àwọn tó ni ín. Iye tí wọ́n ń ta ìpín lè lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní bá ayálégbé kankan jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, ká kàn fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ kọ́ yàrá mẹ́rin pẹ̀lú ₦10,000,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦200,000 wá lọ́dún. ₦800,000 nìyẹn. Bí yàrá kan bá ṣófo, ó di ₦600,000. Ẹ yọ ₦100,000 fún àtúnṣe àti ẹni tó ń bójú tó o, ó ku ₦500,000. Ogún ọdún ni owó yín á fi padà.

Ẹ wá wo ilé tó ti ní páànù, tí ẹni tó ni ín kò rówó parí. Ẹ bá a ṣàdéhùn pé ẹ ó parí yàrá mẹ́rin, ẹ ó gba owó ilé fún ọdún mẹ́fà, ẹ ó sì dá ilé padà. Bí ìparí rẹ̀ bá gba ₦1,500,000, tí ₦500,000 sì ń kù lọ́dún, ọdún kẹta ni owó yín padà, ọdún mẹ́ta tó kù di èrè. Mẹ́ta nínú wa lè dá ₦500,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan látinú àjẹṣẹ́kù. Onílé náà jèrè, nítorí ilé tó ń jẹrà tẹ́lẹ̀ ti parí láìjẹ́ pé ó náwó.

Àwọn kan á ní onílé kò ní gbà, pé ẹ̀rù á bà á kí a má gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù náà tọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi tó. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ìwé, kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi yàrá kan sílẹ̀ fún onílé nígbà ọdún. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ẹni kan ṣoṣo nínú ọmọ ìyá kò lágbára láti fi ogún gbogbo wọn tọrẹ. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, nítorí náà ẹ bi agbẹjọ́rò náà bóyá ìwé ìjọba wà tó yẹ kí ẹ gbà.

Ohun kan ṣì kù. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ wa báyìí, a mọ bó ṣe ń dùn wá nígbà tí onílé bá ní ká san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 ti ka gbígba ohun tó ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀. Ẹ má dúró de òfin kí ẹ tó ṣe ohun tó yẹ. Olùkọ́ tàbí agùnbánirọ̀ tó rí omi lò, tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún, kì í tètè kó jáde, yàrá tí kò sì ṣófo ni èrè òwò yìí.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ ka iye ilé tó wà ní títì ládùúgbò yín. Ẹ béèrè ẹni tó ni ín, ẹ sì béèrè iye tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti agùnbánirọ̀ ń san. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.