Ẹranko Tí A Kò Tíì Rí Ló Ń Bani Lẹ́rù Jù

Àríyànjiyàn kan ti ń lọ ní kíláàsì SS 2 láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, mo sì fẹ́ dá sí i lórí pátákó yìí kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Nínú fíìmù tí èèyàn àti ẹranko ti ń bá ara wọn jà, èwo ló dára jù? Ṣé èyí tí wọ́n ti ń fi ẹranko náà hàn wá gbangba ni, tó ń fọ́ ọkọ̀, tó ń gbé èèyàn mì bí ẹni ń gbé òkèlè àmàlà mì? Àbí èyí tí wọ́n fi pa mọ́ fún wa títí ọkàn wa fi wà lókè? Àwọn tó pọ̀ jù ní kíláàsì ní ti àkọ́kọ́ ni, pé ìran awòṣífìlà ni fíìmù. Èmi ò sí lẹ́yìn wọn, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá gbogbo wọn. Ní ọdún 1975, Steven Spielberg ṣe fíìmù Jaws ní Amẹ́ríkà. Àkùràkudà, ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun, ló ń pa àwọn tó wá wẹ̀ ní erékùṣù kan. Wọ́n ṣe ẹja oníẹ̀rọ fún iṣẹ́ náà, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ ní Bruce. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé inú omi iyọ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹnu kọlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ 55 yà gba ọjọ́ 159. Kí wá ni Spielberg ṣe? Ó ya fíìmù náà láìfi ẹja hàn. Nígbà mìíràn, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la máa rí. Nígbà mìíràn, àgbá aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn lára la máa rí tó ń sáré lórí omi. Fíìmù yẹn ti lé ní wákàtí kan kí ẹja ọ̀hún tó yọjú sí wa dáadáa.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń wẹ̀ lóru, nǹkan kan fà á nísàlẹ̀. Ó tún fà á. Ó wọ́ ọ lọ sọ́tùn-ún, ó wọ́ ọ bọ̀ sósì, ọmọ náà ń ké, lẹ́yìn náà omi dákẹ́ rọ́rọ́. A ò rí orí, a ò rí ìrù. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó tán, á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tún bọ́ sínú omi.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé etí wa ni ẹ̀rù yìí ń gbà wọlé. John Williams tó ṣe orin Jaws fi ohùn méjì péré ṣe orin ẹja náà: dùn-ùn, dun. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa yára bọ̀, ara wa á sì ti mọ̀ pé ó ti ń bọ̀. Ibì kan wà tí àwọn ọmọdé méjì fi páálí ṣe lẹ́bẹ́ láti fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Níbẹ̀, orin yẹn ò dún rárá. Fíìmù náà kò purọ́ fún etí wa. Àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́ta ni Jaws gbà: ti gígé àti títo àwòrán, ti orin, àti ti ìró. Kò sí èyí tí wọ́n fún un nítorí pé ẹja rẹ̀ tóbi.

Fíìmù kejì tí mo fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí ni The Ghost and the Darkness, tó jáde ní ọdún 1996. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n gbé e kà. Ní ọdún 1898, ní Tsavo ní ilẹ̀ Kenya, kìnnìún méjì ń pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe afárá rélùwéè, títí ẹnjiníà wọn, J. H. Patterson, fi yìnbọn pa wọ́n. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi kìnnìún méjèèjì hàn ní mùsíọ́mù Field ní Chicago. Àwọn kìnnìún gidi yẹn ò ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n fíìmù fi gọ̀gọ̀ sí wọn lára kí wọ́n lè wu ojú. Síbẹ̀, kì í ṣe gọ̀gọ̀ ló ń dẹ́rù bani níbẹ̀, koríko gíga ni. Koríko á mì, a ò sì ní mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀gbójú ọdẹ kan wà nínú fíìmù náà tó ń jẹ́ Remington. A ò rí ibi tí kìnnìún ti pa á. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jí, wọ́n ń wá a. Oscar kan ṣoṣo ni fíìmù yìí gbà, ti ìró ni.

Ìyẹn ò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹkùn tó bá ba sílẹ̀, kì í ṣe ojo ló ń ṣe. Ó fẹ́ fò mọ́ nǹkan ni. Alẹ́ ni àwọn àgbà wa sì ń pàlọ́. Kò sẹ́ni tó ń fa ẹranko wá síbẹ̀, ohùn ẹnu lásán ni, àwọn ọmọ á sì máa sún mọ́ ara wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn ará kíláàsì mi máa sọ. Wọ́n á ní The Meg ńkọ́? Òótọ́ ni. Fíìmù ọdún 2018 yẹn, tí Jason Statham ti bá ẹja àtayébáyé jà, ná wọn ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ, ó sì pa ju 500 mílíọ̀nù wọlé. Ó dùn-ún wò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́: ta ló wò ó tí ẹ̀rù bà? Àwọn tí ẹja ń gbé mì níbẹ̀, a ò mọ orúkọ wọn. Nínú Anaconda ti ọdún 1997 ńkọ́? Ejò pọ Jon Voight síta, ó sì ṣẹ́jú sí Jennifer Lopez! Ẹ̀rín ló kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín ni wọ́n ń wá, wọ́n rí i.

Beast, ti ọdún 2022, ló máa parí ẹjọ́ yìí, torí pé méjèèjì wà nínú ẹ̀. Idris Elba àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì há sínú mọ́tò nínú igbó ní South Africa, kìnnìún ń rìn yí wọn ká. Gíláàsì nìkan ló wà láàárín wọn. Níbẹ̀, èmi ò lè mí. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kó parí, bàbá kan náà mú ọ̀bẹ, ó ń bá kìnnìún wọ ìjàkadì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbájú tó gbà tí kò tíì kú. Nígbà tí ẹ bá ti ń ka nǹkan nínú fíìmù, ẹ̀rù ti tán nìyẹn.

Mi ò sọ pé kí èèyàn kàn paná, kó máa lu ìlù, kó ní òun ti ṣe suspense. A gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀. Nínú Jaws, ọ̀gá ọlọ́pàá ń bẹ̀rù omi, mẹ́yọ̀ ò sì fẹ́ ti etíkun pa torí owó ọdún. Nítorí èyí la ṣe ń ṣàníyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹranko gbọ́dọ̀ yọjú lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ṣèlérí ẹran gbọ́dọ̀ bu ẹran sọ́bẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára rèé: mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ eléré wa fẹ́ pa eré ọdẹ àti ẹkùn tì níbi ayẹyẹ ìparí ọdún, torí kò sówó láti rán aṣọ ẹkùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á tì. Ẹ ní gángan, ẹ ní ewé gbígbẹ, ẹ ní tọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ọdẹ máa ka àwọn ọmọ rẹ̀, kí ọ̀kan dín. Ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ ké lẹ́yìn kọ́tìnì, kí igbe náà ṣàdédé dákẹ́. Tó bá di ìparí, ẹ jẹ́ kí ọdẹ fa nǹkan kan wọlé tí aṣọ bò, tí ìrù yọ díẹ̀. Ìrù nìkan ò wọ́n. Ẹ sì máa wo ojú àwọn JSS 1 tó jókòó níwájú.